Yìnyín nínú ooru: Bí ẹ́ńjìnnì báálù ṣe ń pàdánù agbára lójú ọ̀run ilẹ̀ wa

Ẹni tó bá ní ilé iṣẹ́ kékeré l'Ọ̀tà, tó sì ti ra nǹkan láti òkè òkun rí tí wọ́n fi báálù gbé e wá, yóò mọ gbólóhùn yìí dáadáa: "Ojú ọjọ́ ni kò dáa." Ẹ̀rọ tó ń ṣe ọ̀rá omi á ti dákẹ́ láti ọjọ́ mẹ́rin, àwọn òṣìṣẹ́ á máa jókòó lásán, jẹnẹrétọ̀ á sì máa jó dísù nítorí ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù. Páàtì kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ni wọ́n ń retí láti Guangzhou. Bí wọ́n bá pe ejẹ́ǹtì tó wà ní pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed n'Ìkẹjà, á ní báálù tó gbé e kò tètè gbéra, tàbí pé ó ti yà sí ìlú mìíràn. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ á wo òde, á rí i pé oòrùn ń ràn yòò ní Sàngó. Á ní irọ́ ni ejẹ́ǹtì ń pa.

Ó lè jẹ́ irọ́ lóòótọ́, torí ejẹ́ǹtì tí kò tí ì parí ọ̀rọ̀ pẹ̀lú àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù náà máa ń di ẹ̀bi ru ojú ọjọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà lókè tí ọ̀gá ilé iṣẹ́ kò lè rí láti Sàngó, tí awakọ̀ báálù fúnra rẹ̀ kì í sábà rí, tó sì lè gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì méjèèjì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Yìnyín ni. Yìnyín, lókè ilẹ̀ tí ooru ti ń lé èèyàn kúrò nínú yàrá lóru.

Ìtàn tó sún mọ́ wa jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ní òru ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Keje, ọdún 2014. Báálù MD-83 kan gbéra ní Ouagadougou, olú ìlú Burkina Faso, ó ń lọ sí Algiers. Air Algérie ló ta tíkẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ Swiftair ti ilẹ̀ Spain ló ni báálù àti àwọn tó ń wà á. Èèyàn 116 ló wà nínú rẹ̀. Aago kan òru kọjá ìṣẹ́jú 15 ni wọ́n gbéra. Àkókò òjò ni, ìjì ńlá wà lójú ọ̀nà, àwọn awakọ̀ sì ti yà bàrá díẹ̀ kí wọ́n má baà kó sínú rẹ̀. Nígbà tó fi máa di aago kan kọjá ìṣẹ́jú 47, báálù náà ti já lulẹ̀ ní agbègbè Gossi, ní orílẹ̀-èdè Mali. Kò sẹ́ni tó yè é.

Àwọn kan kọ́kọ́ fura pé àwọn agbébọn tó wà ní àríwá Mali ló yìn ín lulẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àjọ BEA ti ilẹ̀ Faransé, tó bá ìjọba Mali ṣe ìwádìí náà, gbé àbọ̀ ìwádìí jáde lóṣù Kẹrin ọdún 2016, ohun tí wọ́n sì rí kéré débi pé ó ń ya èèyàn lẹ́nu.

Ní imú ẹ́ńjìnnì irú báálù yìí, ihò kékeré kan wà tó ń wọn agbára afẹ́fẹ́ tó ń wọlé. Òmíràn wà lẹ́yìn tó ń wọn agbára èyí tó ń jáde. Wọ́n á fi méjèèjì wéra, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ iye iṣẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń ṣe. Géèjì ni, bíi èyí tí fọkanáísà fi ń mọ bí táyà ṣe le tó. Báálù náà ti gòkè dé ẹsẹ̀ bàtà 31,000, ó sì ti dúró sórí ìwọ̀n yẹn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì, kí wóró yìnyín tó dí ihò iwájú lára ẹ́ńjìnnì ọ̀tún. Kò pé ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn náà, ti òsì náà dí. Nígbà tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ inú ihò mọ́, géèjì kà á pé èyí tó ń wọlé ti kéré, ìtumọ̀ èyí lójú ẹ̀rọ sì ni pé ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀rọ tó ń bá awakọ̀ fún ẹ́ńjìnnì lépo gba ohun tí géèjì sọ gbọ́, ó sì dín agbára kù.

Ẹ́ńjìnnì méjèèjì kò bàjẹ́. Epo wà nínú táńkì. Irọ́ ni géèjì pa fún ẹ̀rọ, ẹ̀rọ sì ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe.

Ẹ̀rọ kejì tó ń darí báálù fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé agbára ti dín kù. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kí báálù má kúrò ní ẹsẹ̀ bàtà 31,000. Bí eré ṣe ń dín kù ló ń gbé imú báálù sókè díẹ̀díẹ̀ kó má baà wálẹ̀, títí tí apá báálù kò fi lè gbé e dúró lórí afẹ́fẹ́ mọ́. Nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 25 lẹ́yìn tí èyí ti bẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀rọ náà tó jáwọ́. Nígbà náà, báálù ti ń já bọ̀.

Swíìṣì kan wà fún un, òun gan-an ló dun èèyàn nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí awakọ̀ bá tan án, afẹ́fẹ́ gbígbóná láti inú ẹ́ńjìnnì á máa gba imú ẹ́ńjìnnì àti ihò yẹn kọjá, yìnyín kò sì ní ráyè dúró síbẹ̀. Ó ń jẹ epo díẹ̀ sí i, nítorí afẹ́fẹ́ tó yẹ kó máa ti báálù síwájú ni wọ́n bù lò, ìdí nìyí tí wọn kì í fi í tàn án sílẹ̀ láti ibi gbígbéra dé ibi bíbalẹ̀. Àwọn olùwádìí ní ó ṣeé ṣe kí awakọ̀ méjèèjì má tan án lóru ọjọ́ náà. Ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ kò lè di mímọ̀, nítorí ẹ̀rọ tó gba ohùn wọn sílẹ̀ kò ṣeé gbọ́.

Ará Ọ̀tà tó bá gbọ́ MD-83 yóò rántí Ìjú-Ìṣàgà. Irú báálù kan náà ni ti Dana tó já sórí ilé níbẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, oṣù Kẹfà, ọdún 2012, tí èèyàn 153 inú rẹ̀ àti mẹ́fà tó wà nílẹ̀ kú. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ méjèèjì náà ló pàdánù agbára, ṣùgbọ́n ìwádìí kò tọ́ka sí yìnyín. Bellview tó já ní abúlé Lísà, tí kò jìnnà sí Ọ̀tà, lọ́jọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹwàá, ọdún 2005, pa èèyàn 117, àwọn olùwádìí kò sì rí ẹ̀rí tó dájú nípa ohun tó fà á. Kò sí èyí tó yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé ka yìnyín nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n ó yéni ìdí tí ọkàn àwọn èèyàn agbègbè yìí kì í fi í balẹ̀ bí báálù bá ń kọjá lókè tí ìró rẹ̀ sì yí padà.

Àrékérekè géèjì yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹtàlá, oṣù Kìíní, ọdún 1982, nígbà tí yìnyín ń bọ́ ní Washington, báálù Air Florida kan gbéra láìtan swíìṣì yẹn. Ihò ẹ́ńjìnnì ti dí, géèjì ń sọ pé agbára pé, bẹ́ẹ̀ kò pé rárá. Báálù náà kọlu afárá, ó kó sínú odò, èèyàn 78 sì kú. Lóṣù Kẹfà ọdún 2002, ohun tó jọ ti Gossi ṣẹlẹ̀ sí MD-82 kan lójú ọ̀run Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀ síbi tí afẹ́fẹ́ ti móoru, wọ́n sì balẹ̀ ní Wichita láìsí ẹni tó farapa.

Géèjì dídí kọ́ ni ọ̀nà kan ṣoṣo tí yìnyín ń gbà. Ọ̀nà kejì le jù, torí inú ẹ́ńjìnnì gan-an ló ń wọ̀, ó sì pẹ́ kí àwọn ẹnjiníà tó gbà pé ó ṣeé ṣe.

Ẹni tó bá ń ta ẹja inú fíríìsà ní Sàngó ti rí àpẹẹrẹ rẹ̀. Bí wọ́n bá ń ṣí fíríìsà ńlá tí wọ́n ń tì í, ọ̀rinrin á máa wọlé, á máa di yìnyín mọ́ ẹ̀yìn, á máa nípọn sí i títí tí fáànù inú rẹ̀ kò fi ní ríbi fẹ́ mọ́. Ibi tó tutù ni yìnyín ti ń dì níbẹ̀, ìyẹn yé gbogbo ayé. Èyí tó ṣòro láti gbà ni pé nínú ẹ́ńjìnnì báálù, ibi tó móoru ló ti ń dì.

Lókè ẹsẹ̀ bàtà 22,000, omi tó ṣì ń ṣàn ṣọ̀wọ́n nínú ìkùukùu. Wóró yìnyín ló kún ibẹ̀, wóró tó gbẹ, tó sì kéré gan-an. Apá báálù tutù, ó sì gbẹ, nítorí náà wóró yìí kì í lẹ̀ mọ́ ọn. Da gaàrí sórí àwo gbígbẹ, á fò dànù, ṣùgbọ́n bí àwo náà bá tutù fún omi díẹ̀, gaàrí á lẹ̀ mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló ń rí nínú ẹ́ńjìnnì. Àwọn abẹ́ tó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń mú kí afẹ́fẹ́ náà móoru. Wóró yìnyín tó bá dé ibẹ̀ á yọ́ díẹ̀, á sọ irin di tútù fún omi, èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn á lẹ̀ mọ́ omi yẹn, irin fúnra rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tutù títí yìnyín fi máa dì lé e lórí. Bí yìnyín náà bá wá já kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè ba abẹ́ tó wà níwájú rẹ̀ jẹ́, ó lè da ìṣàn afẹ́fẹ́ rú tí ẹ́ńjìnnì á fi máa bú gbàmù-gbàmù, tàbí kó pa iná tó ń jó nínú rẹ̀.

Lọ́dún 2007, ìwé ìròyìn ẹnjiníà tí ilé iṣẹ́ Boeing ń tẹ̀ kọ ọ́ pé láti ọdún 1990, ó kéré tán ìgbà 100 ni ẹ́ńjìnnì ti pàdánù agbára bẹ́ẹ̀, púpọ̀ jù lọ lókè ẹsẹ̀ bàtà 22,000 nítòsí ìjì. Ohun ìtùnú tó wà níbẹ̀ ni pé nínú èyí tó pọ̀ jù, ẹ́ńjìnnì tún padà ṣiṣẹ́ nígbà tí báálù sọ̀ kalẹ̀ sínú afẹ́fẹ́ tó móoru.

Ìdí tí awakọ̀ kì í fi í rí i ni pé ẹ̀kán omi ni wọ́n ṣe rédà báálù láti máa wá. Wóró yìnyín kéékèèké kì í dá ìró rédà padà dáadáa. Rédà lè fi ìjì pupa fòò hàn nísàlẹ̀, kó má sì fi nǹkan kan hàn níbi tí báálù wà gan-an. Àmì díẹ̀ ló máa ń wà: ìró bíi ti òjò lójú gíláàsì, nígbà tó jẹ́ pé ibẹ̀ tutù kọjá ibi tí òjò lè wà, tàbí kí ẹ̀rọ tó ń wọn òtútù ìta ṣàdédé máa pe òdo, nítorí yìnyín ti dí òun náà.

Ẹni tó bá rò pé òyìnbó ló ni yìnyín, kò rò ó dáadáa. Ooru wa gan-an ló ń bí i. Oòrùn á gbóná ilẹ̀, afẹ́fẹ́ tó kún fún omi láti etí òkun á gbéra lọ sókè, á sì máa lọ. Ní ilẹ̀ olótùútù, ìkùukùu ìjì kì í ga tó tiwa. Níhìn-ín, orí rẹ̀ lè kọjá ẹsẹ̀ bàtà 50,000, báálù akérò kì í sì í fò tó bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ kò lè fò ó kọjá lókè, àfi kó gba ẹ̀gbẹ́. Ibi tí afẹ́fẹ́ etí òkun ti ń pàdé afẹ́fẹ́ ọyẹ́ láti aṣálẹ̀ ni àwọn ìjì yìí ti ń tò, ibi ìpàdé náà sì máa ń sún lọ sí àríwá bí òjò wa bá ti le. Nígbà tó bá fi máa di oṣù Keje àti Kẹjọ, ó ti dé agbègbè tí báálù Ouagadougou ti já. Báálù tó bá sì ń bọ̀ láti Yúróòpù sí Èkó gbọ́dọ̀ la àárín rẹ̀ kọjá.

Ọ̀rọ̀ náà wọ ìwé ìṣirò owó àwọn ilé iṣẹ́ ńlá lọ́dún 2013. Lọ́jọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù Keje ọdún náà, báálù akẹ́rù 747-8 kan ń lọ sí Hong Kong láti Moscow. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ìjì kan kọjá lójú ọ̀run China, ni ẹ́ńjìnnì méjì nínú mẹ́rin bá ṣe ségesège. Ó balẹ̀ láyọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, abẹ́ inú ẹ́ńjìnnì mẹ́ta ló ti fara gbọgbẹ́. Lóṣù Kọkànlá, Boeing kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ báálù 15 tó ń lo irú ẹ́ńjìnnì GE náà lórí 747-8 àti 787, pé kí wọ́n jìnnà sí ìjì tó lè ní wóró yìnyín, ó kéré tán máìlì òkun 50, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 92. Japan Airlines ro ọ̀rọ̀ náà, ó sì yọ 787 rẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà Tokyo sí Delhi àti Tokyo sí Singapore, torí pé ìjì ilẹ̀ olóoru pọ̀ lójú ọ̀nà méjèèjì.

Àtúnṣe tí GE ṣe kò ju pé wọ́n tún ètò kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì náà kọ, kó lè máa ṣí ilẹ̀kùn kékeré kan tí yìnyín máa gbà jáde kó tó dé ibi tí iná wà. Nígbà tí ọdún 2014 ń parí lọ, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin pé ẹ́ńjìnnì tuntun gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun lè fara da wóró yìnyín kó tó gba ìwé àṣẹ. Ẹ́ńjìnnì tó ti ń fò ṣáájú òfin náà ṣì pọ̀ lójú ọ̀run.

Ọ̀nà kẹta kò ní í ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ní jẹnẹrétọ̀ l'Ọ̀tà, torí omi inú dísù ló jọ. Epo báálù náà máa ń ní omi díẹ̀ nínú. Lọ́jọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kìíní, ọdún 2008, báálù 777 ti British Airways tó ń bọ̀ láti Beijing ti fò fún wákàtí púpọ̀ nínú òtútù líle. Omi inú epo rẹ̀ di yìnyín nínú páìpù, ó sì já lọ dí ẹnu ibi tí epo ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, nígbà tó kù díẹ̀ kó balẹ̀ ní Heathrow. Ẹ́ńjìnnì méjèèjì kò rí epo tó pọ̀ tó gbà. Ó balẹ̀ sórí koríko ṣáájú ibi tó yẹ, èèyàn 152 inú rẹ̀ sì yè. Rolls-Royce tún ẹnu ibẹ̀ ṣe lẹ́yìn náà. Ẹni tí kì í da omi ìdí táńkì dísù rẹ̀ nù déédéé kò gbọ́dọ̀ fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Kí wá ni èyí kan páàtì tí wọ́n ń retí ní Sàngó? Ó kan owó. Yíyà fún ìjì ń jẹ epo, bẹ́ẹ̀ náà ni swíìṣì yẹn, epo báálù sì wọ́n. Lóṣù Karùn-ún ọdún 2022, nígbà tí lítà kan dé ₦700, àwọn ilé iṣẹ́ báálù abẹ́lé kéde pé àwọn máa dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Kò yani lẹ́nu bí ẹrù ẹlẹ́rù bá lo ọjọ́ kan sí i lọ́nà lákòókò òjò. Ohun tó yẹ kí ọ̀gá ilé iṣẹ́ mọ̀ ni ẹni tó máa ru àdánù ọjọ́ yẹn, ìdáhùn rẹ̀ kò sì dùn: òun fúnra rẹ̀ ni, bí kò bá tètè ṣètò.

Àdéhùn Montreal ti ọdún 1999, tí Nàìjíríà àti China jọ fọwọ́ sí, ló ń darí ẹrù tó bá gba ojú òfurufú láti ilẹ̀ kan sí òmíràn. Àdéhùn náà ní ilé iṣẹ́ báálù máa san owó ìfalẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá lè fi hàn pé òun ṣe gbogbo ohun tó yẹ láti dènà rẹ̀, tàbí pé kò ṣeé ṣe rárá láti dènà rẹ̀, kò ní san kọ́bọ̀. Awakọ̀ tó yà fún ìjì ní àwíjàre tó lágbára níbẹ̀. Bí ẹrù bá sọnù tàbí tó bàjẹ́, òdiwọ̀n owó tó lè san láti ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kejìlá, ọdún 2024 jẹ́ SDR 26 lórí kìlò kan. SDR yìí ni owó ìṣirò àjọ IMF, ó sì ju dọ́là kan lọ díẹ̀. Páàtì tó wọn kìlò mẹ́ta, ì báà jẹ́ ẹgbẹ̀rún méjì dọ́là ni wọ́n rà á, kò lè mú ju SDR 78 wá, tó lé díẹ̀ ní 100 dọ́là. Àfi bí ẹni tó fi ránṣẹ́ bá kọ iye rẹ̀ gan-an sílẹ̀ nígbà tó ń kó o lé wọn lọ́wọ́, tó sì san owó àfikún tí wọ́n bá béèrè. Ọ̀pọ̀ olùtajà ní Guangzhou kì í kọ ọ́, wọ́n tilẹ̀ máa ń dín iye rẹ̀ kù nítorí owó kọ́sítọ́ọ̀mù, oníbàárà á sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Adójútòfò tún yàtọ̀. Ìwé adójútòfò ẹrù òfurufú tó wọ́pọ̀ jù máa ń yọ àdánù tó ti ọ̀dọ̀ ìfalẹ̀ wá kúrò, kódà bó bá jẹ́ pé ohun tí wọ́n gbà láti sanwó lé lórí ló fa ìfalẹ̀ náà. Ẹni tó bá fẹ́ kí ó wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ béèrè fún un kó tó fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ sì ń lọ lórí ẹ̀sùn. Bí ẹrù bá dé pẹ̀lú àbùkù, ọjọ́ 14 ni ẹni tó gbà á ní láti kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ báálù. Bó bá jẹ́ pé ó pẹ́ ni, ọjọ́ 21 ni, láti ọjọ́ tí wọ́n fi ẹrù náà lé e lọ́wọ́. Ìwé ni wọ́n ń wí o, ìpè lórí fóònù sí ejẹ́ǹtì kò sí lára rẹ̀.